Bí Ẹ Ṣe Máa Yan Ọkọ̀ Star Trek Tó Máa Wọ Mod Yín, Kí Ìjà Má Bàa Tú Yín Ká

Ìbéèrè yìí ò dáwọ́ dúró: "A fẹ́ jọ ṣe mod Star Trek, a ò tíì ṣe nǹkan kan, ìjà ti bẹ́ sílẹ̀, ẹnìkan ní Akira gbọ́dọ̀ wọlé, ẹnìkan ní àfi Prometheus, ẹ bá wa dá sí i." (Mod ni àtúnṣe tí àwọn olùgbá géèmù fúnra wọn ṣe sí géèmù; Star Trek ni eré àti fíìmù nípa ọkọ̀ òfurufú; Akira àti Prometheus, irú ọkọ̀ inú ẹ̀ ni.) Ẹ gbọ́, mi ò ní bá yín dá a lẹ́jọ́, torí ẹjọ́ yẹn ò lè parí bẹ́ ẹ ṣe gbé e kalẹ̀ yẹn. Orúkọ ọkọ̀ lẹ kọ́kọ́ ń pè, ẹ ò sì tíì mọ iṣẹ́ tí géèmù náà ní nílẹ̀. Iṣẹ́ ló ń ṣáájú, ọkọ̀ ló ń tẹ̀lé e. Bẹ́ ẹ bá yí i sí báyìí, púpọ̀ nínú ìjà yẹn á parí fúnra ẹ̀, èyí tó bá kù á di nǹkan tẹ́ ẹ lè jókòó yanjú.

Sins of a Solar Empire: Rebellion, ti 2012, ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ jálẹ̀, torí òun ló wọ́pọ̀ jù lọ́wọ́ ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń béèrè, kò sì dìgbà tẹ́ ẹ bá ní kọ̀ǹpútà olówó gọbọi kó tó ṣiṣẹ́. Tó bá jẹ́ Stellaris tàbí Empire at War lẹ̀ ń lò, ọ̀nà kan náà ni, iye àyè nìkan ló máa yàtọ̀.

## Ohun tó gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ kẹ́ ẹ tó pe orúkọ ọkọ̀ kankan

- Kí gbogbo yín ti gbá géèmù náà dáadáa láìsí mod. Ẹni tí kò bá tíì gbá a ò lè mọ ohun tó ṣófo níbẹ̀.
- Tábìlì kan, Google Sheets tàbí Excel. Ìwé àti bírò náà tó.
- Ẹnìkan tó máa ní ọ̀rọ̀ ìkẹyìn. Ẹ yàn án báyìí tí inú gbogbo yín ṣì ń dùn, ẹ má dúró dìgbà tí ohùn bá ti ń ga.
- Ẹnìkan tó mọ bí wọ́n ṣe ń gbé àwòrán 3D wọ inú géèmù. Tí kò bá sí, gbogbo àríyànjiyàn yín, ẹnu lásán ni.

## Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ ka àyè

Ẹ ṣí géèmù náà, ẹ mú ẹ̀yà kan, ká ní TEC, kẹ́ ẹ kọ iṣẹ́ tí àwọn ọkọ̀ ẹ̀ ń ṣe sílẹ̀. Ẹ má kọ orúkọ o, iṣẹ́ ni:

1. amí tó ń lọ yẹ ọ̀nà wò
2. èyí tó ń gba pílánẹ́ẹ̀tì tuntun
3. ọkọ̀ ogun kékeré, olówó pọ́ọ́kú
4. èyí tó ń yìnbọn láti òkèèrè
5. èyí tó ń já fàítà (ọkọ̀ ogun kékeré tí ọkọ̀ ńlá ń gbé) bọ́
6. èyí tó ń lu pílánẹ́ẹ̀tì ní bọ́ǹbù
7. èyí tó ń gbé fàítà
8. ọkọ̀ ogun tó ki, tó le
9. alátìlẹ́yìn tó ń tún tàwọn yòókù ṣe
10. corvette, ọkọ̀ ogun tó kéré gan-an, tí Rebellion fi kún un

Lẹ́yìn ìyẹn ni capital ship, ìyẹn ọkọ̀ ogun ńlá, mẹ́fà fún ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan. Wọ́n tún pín ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan sí méjì, Loyalist àti Rebel, ìkọ̀ọ̀kan sì ní Titan (ọkọ̀ òmìrán) tiẹ̀, ẹ ò sì lè ní ju Titan kan ṣoṣo lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Nǹkan pàtàkì kan wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í wò: capital ship kọ̀ọ̀kan máa ń ní agbára mẹ́rin, mẹ́ta tó máa ń ṣí díẹ̀díẹ̀ àti ìkan tó lágbára jù tó jẹ́ pé ó dìgbà tí ọkọ̀ náà bá dé ipele 6. Nítorí náà ọkọ̀ tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi ṣe capital ship, ẹ kọ́kọ́ wá agbára mẹ́rin fún un látinú eré fúnra ẹ̀. Bẹ́ ẹ bá rí méjì péré, ọkọ̀ yẹn kéré sí ipò yẹn, bó ti wù kó rẹwà tó, ẹ bọ́ ọ sílẹ̀ sí cruiser, ìyẹn ọkọ̀ tí kò tó capital ship.

Ẹ dán an wò lórí Galaxy, irú ọkọ̀ tí Enterprise-D jẹ́ nínú eré. Ó lè ya sí méjì, a ti rí i láti 1987. Wọ́n fi deflector ẹ̀ (ẹ̀rọ iwájú ọkọ̀) ṣe ìbọn ńlá lu Borg, àwọn ọ̀tá tó jẹ́ ìdajì èèyàn ìdajì ẹ̀rọ, ní 1990, kò ràn wọ́n o, àmọ́ ó ṣẹlẹ̀. Ó ń kó èèyàn bí 1,014, ìyàwó àti ọmọ wà nínú ẹ̀, ilé ìwòsàn tó péye wà níbẹ̀, ó tún jẹ́ ọkọ̀ tí wọ́n fi ń parí ìjà láàrin orílẹ̀-èdè. Mẹ́rin ti pé. Ìyẹn ló ń jẹ́ capital ship.

## Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ yan ìgbà

Star Trek gùn. Constitution, irú ọkọ̀ tí Enterprise àkọ́kọ́ jẹ́, ń rìn ní àwọn ọdún 2260 nínú ìtàn, ìtàn Enterprise-D, tó jẹ́ Galaxy, bẹ̀rẹ̀ ní 2364, eré Picard sì wáyé ní nǹkan bí 2400. Bẹ́ ẹ bá kó gbogbo ẹ̀ pọ̀, kò sí bẹ́ ẹ ṣe máa ṣàlàyé ìdí tí Constitution mítà 289 fi ń bá Sovereign mítà 685 jà ní ìdọ́gba.

Èmi o, 2370 sí 2379 ni mo máa ń gbà àwọn tuntun níyànjú pé kí wọ́n mú. Ìgbà yẹn ni ogun tí Federation (àjọ tí àwọn èèyàn ayé wà nínú ẹ̀) bá Dominion jà, ìgbà yẹn ni ọkọ̀ Voyager sọnù tó sì padà wálé, ó sì tún ní àǹfààní kan: àwọn ọkọ̀ àtijọ́ bíi Miranda (a kọ́kọ́ rí i ní 1982) àti Excelsior (1984) ṣì ń ṣiṣẹ́ nígbà náà, tó fi jẹ́ pé ẹni tó fẹ́ràn àwọn fíìmù àtijọ́ ò ní lọ lọ́wọ́ òfo. Ẹ kọ ọdún méjèèjì sí orí tábìlì yín. Ọkọ̀ tí kò bá sí láàrin wọn, ẹ má tiẹ̀ jẹ́ kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ lé e lórí.

## Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ ṣòfin ibi tí ọkọ̀ ti lè wá

Apẹ̀rẹ̀ mẹ́ta ni kẹ́ ẹ ní:

- Apẹ̀rẹ̀ A: a rí i lójú eré, nínú fíìmù tàbí lórí tẹlifíṣọ̀n.
- Apẹ̀rẹ̀ B: ó wà nínú ìwé tàbí géèmù tó gba àṣẹ, kò sì dé ojú eré.
- Apẹ̀rẹ̀ D: olólùfẹ́ ló yà á fúnra ẹ̀.

Òfin tó dáa jù lójú tèmi ni pé kí A máa ṣáájú, kí B wọlé kìkì tí àyè iṣẹ́ kan bá ṣófo tí kò sí A tó lè ṣe é, kí D dúró síta àfi tí gbogbo yín bá gbà á pátápátá.

Ìkìlọ̀: àwọn apẹ̀rẹ̀ yìí máa ń jo. Ìwé atọ́nà kan tí Franz Joseph tẹ̀ jáde ní 1975 ní Dreadnought kan tó ní nacelle (ẹ̀rọ gígùn tó ń sáré ọkọ̀) mẹ́ta, kò hàn gẹ́gẹ́ bí ọkọ̀ lójú eré, síbẹ̀ nínú fíìmù 1979, bẹ́ ẹ bá fetí sí rédíò tó ń sọ̀rọ̀ lábẹ́nú, ẹ máa gbọ́ Dreadnought Entente, látinú ìwé yẹn tààrà. Star Fleet Battles, géèmù orí tábìlì ti 1979, tiẹ̀ fi ọkọ̀ inú ìwé yẹn ṣe ìpìlẹ̀. Ó tún wà lódìkejì: Odyssey, Enterprise-F, ìdíje tí géèmù Star Trek Online ṣe ni wọ́n ti rí i, inú géèmù nìkan ló wà fún ọ̀pọ̀ ọdún, nígbà tó di 2023 ó yọ lójú eré nínú Picard. Àwọn tó ti ń pariwo pé "ọkọ̀ géèmù lásán" ní láti gbé e láti B lọ sí A. Torí náà, ẹ kọ ọjọ́ tẹ́ ẹ pín ọkọ̀ sí apẹ̀rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, ẹ sì jẹ́ kó yé gbogbo yín pé ó lè yí padà.

## Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ wá fi ọkọ̀ sí ẹnu iṣẹ́

Ibí ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹ mú iṣẹ́ kan, ẹ bi ara yín pé ọkọ̀ wo ni a ti rí tó ṣe irú iṣẹ́ yìí. Ẹ má ṣe é lódìkejì, ẹ má mú ọkọ̀ tẹ́ ẹ fẹ́ràn kẹ́ ẹ wá máa wá iṣẹ́ fún un, torí bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe máa ń ní capital ship mẹ́jọ tí kò sí amí kankan; ẹ máa dà bí ẹni tó pe alágbàṣe sóko tí gbogbo wọn gbé àdá dání, tí ẹnì kankan ò mú ọkọ́ wá.

Amí: Oberth. Nínú fíìmù 1984, ìbọn kan ṣoṣo ló fọ́ USS Grissom yángá. Ìwà amí gan-an nìyẹn, kó ríran jìnnà kó sì tètè kú.

Ọkọ̀ ogun kékeré: Miranda, kò sí àríyànjiyàn. Ẹ wo ogun tí wọ́n fi gba ibùdó òfurufú Deep Space Nine padà (1997), Sitak àti Majestic, Miranda làwọn méjèèjì, wọ́n ń sin ọkọ̀ Defiant lọ, wọ́n sì parẹ́ síbẹ̀.

Yíyìnbọn láti òkèèrè, àti gbígbé fàítà: ibí ni àwọn ololùfẹ́ Akira máa ń ti bẹ̀rẹ̀ ìjà, mo sì mọ ìdí ẹ̀. Alex Jaeger ti ILM, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe àwòrán fíìmù, ló yà á fún fíìmù First Contact (1996), lójú tiẹ̀, ọkọ̀ náà ní ihò tọ́pídò 15, ọ̀nà fàítà sì tún la inú àwo ẹ̀ kọjá láti iwájú dé ẹ̀yìn. Méjèèjì ló ní lọ́kàn. Eré ò sì fi ìkankan nínú wọn hàn wá dáadáa. Bẹ́ ẹ bá fún un ní méjèèjì pọ̀, ó ti bàjẹ́, kò sẹ́ni tó tún máa ra ọkọ̀ mìíràn. Nítorí náà ẹ fún Akira ní fàítà, torí pé àwọn fàítà Federation wà ní ogun 1997 yẹn, eré náà ò sì fi ọkọ̀ tó gbé wọn wá hàn wá, àyè ṣófo níbẹ̀. Ẹ wá fún Steamrunner ní tọ́pídò ọ̀nà jínjìn. Géèmù Star Trek: Armada (2000) ti lò ó bẹ́ẹ̀, ojú àwọn èèyàn ti mọ́ ọn, kò sì sí ohun kan lójú eré tó lòdì sí i.

Ọkọ̀ tó le: Defiant. Ẹ̀yin kan máa ń fi ṣe corvette torí ó kéré, àṣìṣe ńlá gbáà ni. Corvette jẹ́ ohun tí wọ́n ń rà lọ́pọ̀, tó ń kú lọ́pọ̀. Torí Borg ni wọ́n ṣe kọ́ Defiant, lẹ́yìn tí ọkọ̀ 39 nínú 40 ti ṣòfò lọ́wọ́ Borg ní ogun Wolf 359. Ó ní ìbọn pulse phaser mẹ́rin, ara irin tó nípọn, ẹ̀rọ ìfarapamọ́ tí àwọn Romulan, ìjọba mìíràn, yá wọn. Ẹ fi sí ipò heavy cruiser, kẹ́ ẹ jẹ́ kó kéré lójú kó sì wọ́n lówó. Runabout, Danube tí Deep Space Nine fi hàn wá ní 1993, òun ni kó ṣe corvette.

Alátìlẹ́yìn: Nebula, ojú mi ò kúrò lára ẹ̀. Nǹkan tó gbé sórí ẹ̀yìn ẹ̀ máa ń yàtọ̀: ti Phoenix (1991) yàtọ̀ sí ti Sutherland. Sutherland yìí ni Data, ọ̀gágun tó jẹ́ róbọ́ọ̀tì, jẹ́ ọ̀gá ẹ̀ nígbà tí wọ́n ta àwọ̀n tachyon sílẹ̀ láti mú àwọn Romulan tó fara pamọ́. Agbára rẹ̀ ti wà nílẹ̀ gẹgẹ: kí ó máa tú ọkọ̀ tó fara pamọ́ síta. Olympic, ọkọ̀ ilé ìwòsàn tí orí ẹ̀ rí róbótó, náà dáa fún títún ọkọ̀ ṣe, àmọ́ ọjọ́ iwájú tí kò wá ṣẹlẹ̀ mọ́ ni a ti rí i (1994), ẹ wo òfin tẹ́ ẹ ṣe ní ìgbésẹ̀ 2 kẹ́ ẹ tó gbà á wọlé.

Lílu pílánẹ́ẹ̀tì ní bọ́ǹbù: ẹnìkan á dìde pé Starfleet, ẹgbẹ́ ọkọ̀ Federation, kì í ṣe irú ẹ̀. Òótọ́ ni, kì í ṣe ìwà wọn. Àmọ́ General Order 24 wà láti 1967, tó fàyè gba kí wọ́n pa ojú pílánẹ́ẹ̀tì kan rẹ́, Sisko, ọ̀gá Deep Space Nine, náà sì fi Defiant ba afẹ́fẹ́ pílánẹ́ẹ̀tì àwọn Maquis, ọlọ̀tẹ̀ ni wọ́n, jẹ́ ní 1997. Ohun tó rọrùn jù ni kẹ́ ẹ fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ kẹ́ ẹ yí ohun tí ojú ń rí padà: dípò bọ́ǹbù, kí ọkọ̀ yẹn máa sọ ọmọ ogun kalẹ̀. Nọ́ńbà inú fáìlì ò yí padà, inú gbogbo èèyàn á dùn.

## Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ kùn wọ́n dúdú

Ẹ gba àwòrán gbogbo ọkọ̀ tó yege, ẹ sọ ọ́ di kékeré bí èékánná, ẹ kùn ún dúdú pátápátá, ẹ fi han ẹni tí kò mọ Star Trek rárá. Ṣé ó lè yà wọ́n sọ́tọ̀? Ọkọ̀ Federation jọra jù, àwo pẹlẹbẹ níwájú, ẹ̀rọ gígùn méjì lẹ́yìn, ẹni tó ń gbá géèmù sì máa jìnnà sókè nígbà tó bá ń pàṣẹ. Miranda yege torí kò ní ọrùn. Defiant yege torí ohun kankan ò yọ síta lára ẹ̀. Galaxy àti Nebula máa ń dà pọ̀ lójú àjèjì bẹ́ ẹ bá wò wọ́n láti òkè, torí náà ẹ jẹ́ kí nǹkan orí Nebula tóbi ju bó ṣe yẹ lọ díẹ̀. Méjì tí kò bá ṣeé yà sọ́tọ̀, ìkan gbọ́dọ̀ lọ.

## Ìgbésẹ̀ 6: Ẹ fún bí wọ́n ṣe tóbi pọ̀

Ẹ má gbé gígùn wọn sínú géèmù bó ṣe rí. Igun Borg Cube kan tó mítà 3,000, Defiant jẹ́ 120 tàbí 170 (iye tí wọ́n ti tẹ̀ jáde ò bára mu, ìjà ẹ̀ ò tíì tán). Bẹ́ ẹ bá lo 120, Cube fi ìlọ́po 25 jù ú lọ, ẹ ò ní rí Defiant lójú ẹ̀rọ. Ohun tí mo fọwọ́ sí ni kẹ́ ẹ mú square root iye kọ̀ọ̀kan: 120 di nǹkan bí 11, Galaxy 642 di 25, Cube 3,000 di 55. Cube ṣì ń dẹ́rù bani, ìlọ́po márùn-ún péré ló wá fi jù.

Bird-of-Prey àwọn Klingon, ẹ yan iye kan kẹ́ ẹ dúró lé e. Eré fúnra ẹ̀ fi hàn ní ìwọ̀n tó yàtọ̀ síra, kò sí ẹni tó máa jàre. Ẹ tún ṣọ́ra fún Enterprise inú fíìmù 2009, mítà 725 ni wọ́n pè é, ọ̀pọ̀ olólùfẹ́ ní irọ́ ni, pé kò tó bẹ́ẹ̀. Inú ìgbà tẹ́ ẹ yàn kọ́ ló wà, ẹ má bá wọn dá sí i.

## Ìgbésẹ̀ 7: Ọ̀rọ̀ Titan

Federation ò ní ọkọ̀ òmìrán kankan ní 2370 sí 2379. Àwọn èèyàn wá ń sá lọ mú Odyssey, tàbí Enterprise-J ti ọ̀rúndún 26, wọ́n sì ti rú òfin ìgbà tí wọ́n fọwọ́ ara wọn kọ. Ẹ má wo bó ṣe tóbi nìkan, ẹ wo òfin Titan: ìkan ṣoṣo ni. Kí ló jẹ́ ìkan ṣoṣo fún Federation? Enterprise ni. Ẹ fi Enterprise-E, tó jẹ́ Sovereign, ṣe Titan, kẹ́ ẹ má fi Sovereign mìíràn sí ibi kankan. Ti Borg wá rí bákan náà lódìkejì, Cube wọn pọ̀, ẹ má fi ṣe Titan, capital ship ni kó jẹ́.

## Ìgbésẹ̀ 8: Ẹ dìbò, kẹ́ ẹ tilẹ̀kùn

Iṣẹ́ tí ọkọ̀ méjì bá ṣì ń dù nìkan ni kẹ́ ẹ dìbò lé. Kí olúkúlùkù fi 0, 1 tàbí 2 sí ohun mẹ́ta: ṣé eré fi hàn pé ó ṣe iṣẹ́ yìí, ṣé ojú tètè dá a mọ̀, ṣé àwòrán 3D tó dáa wà fún un. Ẹ ṣe àròpọ̀. Tó bá dọ́gba, ẹni tó ní ọ̀rọ̀ ìkẹyìn á mú ìkan, kò gbọ́dọ̀ ju ọjọ́ kan lọ. Lẹ́yìn ìyẹn ẹ ti tábìlì yẹn pa títí mod á fi jáde.

Ìbéèrè kẹta yẹn kò kéré o. Àwòrán tẹ́ ẹ rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní olówó. Ẹ kọ̀wé sí ẹni tó ṣe é, ẹ gba àṣẹ lákọsílẹ̀, ẹ kọ orúkọ ẹ̀ sínú fáìlì tó bá mod yín rìn. Star Trek fúnra ẹ̀, ti Paramount ni, torí náà ẹ má gba kọ́bọ̀ lórí mod yẹn.

## Ìgbésẹ̀ 9: Ẹ jẹ́ kí wọ́n jà

Ẹ fi owó kan náà ra ọ̀wọ́ méjì, ẹ kó wọn pàdé. Bí ìkan bá ń borí ní gbogbo ìgbà, iye owó ẹ̀ lẹ máa kọ́kọ́ gbé sókè, ẹ má tíì fọwọ́ kan ìbọn ẹ̀. Nǹkan kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ yí padà lẹ́ẹ̀kan. Ọkọ̀ tí ẹnì kankan ò rà nígbà tẹ́ ẹ̀ ń dán an wò, ẹ bi wọ́n léèrè ìdí ẹ̀ kẹ́ ẹ tó yọ ọ́.

## Àṣìṣe tí mo máa ń rí

- Kíkó gbogbo ọkọ̀ wọlé kí inú ẹnì kankan má bàa bàjẹ́. Géèmù 32-bit ni Rebellion, ìrántí tó lè lò ní òpin, mod tó wúwo jù á kàn máa pa géèmù láàrin ogun.
- Fífún Federation ní ọkọ̀ 20, Romulan ní mẹ́ta. Bẹ́ ẹ ò bá lè kún àyè Romulan, ẹ dín ti Federation kù.
- Gbígbé agbára tí a rí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lé ọkọ̀ lórí. Tọ́pídò transphasic tí Voyager gbà lọ́wọ́ ẹni tó wá láti ọjọ́ iwájú (2001), bẹ́ ẹ bá fún gbogbo Intrepid (irú ọkọ̀ tí Voyager jẹ́), Borg ti tán.
- Prometheus. Ó ń ya sí mẹ́ta, ó dùn ún wò, gbogbo èèyàn fẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n yíya yẹn gba ọkọ̀ mẹ́ta tẹ́ ẹ máa yà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ àti iṣẹ́ fáìlì tó pọ̀. Ẹ fi sí ìkẹyìn.

## Bẹ́ ẹ ò bá ṣì fẹnu kò

Ọ̀nà méjì ló kù. Àkọ́kọ́, ẹ lo Loyalist àti Rebel tí géèmù ti pín sílẹ̀: kí ìkan jẹ́ Federation alálàáfíà, Galaxy, Nebula, Intrepid ni kó gbójú lé, kí ìkejì jẹ́ ti ogun, Defiant, Akira, Prometheus. Èmi fẹ́ràn èyí gan-an, torí ìjà yín gangan ni ìjà tó wà nínú Starfleet fúnra ẹ̀ lẹ́yìn Wolf 359.

Ìkejì ni mod kékeré tó ń gun orí mod ńlá. Kí ẹni tí ọkọ̀ ẹ̀ ò wọlé ṣe fódà tiẹ̀ lọ́tọ̀, kó má fọwọ́ kan fáìlì yín. Nínú àkójọ mod géèmù yẹn, fódà kékeré ló gbọ́dọ̀ wà lókè, mod ńlá nísàlẹ̀, torí èyí tó wà lókè ló ń borí. Kó kọ nọ́ńbà mod ńlá tó bá ṣiṣẹ́ sí ara orúkọ fódà ẹ̀, torí bẹ́ ẹ bá gbé èyí tuntun jáde tí kò sì tún tiẹ̀ ṣe, géèmù ò ní ṣí, ẹ̀yin ni wọ́n sì máa wá bá.